Ilé ìtọ́jú arúgbó fún màmá wa: Òṣogbo, Ìbàdàn àbí Èkó? Báwo la ṣe máa sanwó ẹ̀?

Ìyá Ìbejì (Òkè-Baálẹ̀)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ dákun, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó ti mú òbí lọ sílé ìtọ́jú arúgbó rí tàbí tó ń sanwó fún ẹni tó ń tọ́jú wọn nílé.

Màmá wa ti pé ọdún 78. Wọ́n ta aṣọ l'Ọ́jà Ọba títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, Alhaja Aláǹkárá ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n lẹ́yìn Iléyá èṣí, wọ́n dá wọn dúró sílé ìwòsàn, a dúpẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ti já geere padà àmọ́ apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbọ́ràn mọ́, tí wọ́n bá fẹ́ dìde èèyàn gbọ́dọ̀ dì wọ́n mú lábíyá, wọn ò lè dá wẹ̀, wọn ò lè dá ṣe àlùwàlá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà lẹ́yìnkùlé torí ilé àtijọ́ ni ilé bàbá wa n'Ísàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ní báyìí wọ́n tún ti ń gbàgbé nǹkan. Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí pé ṣé bàbá wa ò tíì dé láti rélùwéè ni, bàbá wa tó ti di olóògbé ọjọ́ ti pẹ́. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn, mo kàn ní ó kù díẹ̀.

Èmi nìkan ni mo wà nílé nínú àwa mẹ́rin. Tíṣà ni mí, mo lọ́mọ kéékèèké, mò ń kúrò nílé láàárọ̀ kùtù lọ wẹ̀ fún wọn kí n tó lọ síléèwé, mo tún ń padà lọ lálẹ́. Ọmọ àbúrò wọn kan ló ń sùn tì wọ́n, òun náà ti gba admission sí Poli Ìrèé, kò ní pẹ́ lọ. Ẹ̀yìn ń ro mí, oorun ò tó, ọkọ mi ò sọ̀rọ̀ àmọ́ mo mọ̀ pé ó ti ń sú u.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà l'Ékòó ní òun ti rí ilé ìtọ́jú kan lọ́hùn-ún, ilé tuntun, táìsì ń dán, nọ́ọ̀sì wọ yúnífọ́ọ̀mù, AC wà ní gbogbo yàrá. Ẹ̀gbọ́n mi kejì tó wà ní Houston, ní Texas l'Amẹ́ríkà, ní òun á máa fowó ránṣẹ́ àmọ́ kò dárúkọ iye kankan. Àbúrò wa obìnrin ní ká má tiẹ̀ dán an wò, pé ará Òṣogbo á ní a lọ ju ìyá wa nù. Àwọn ẹbí bàbá wa náà ti gbọ́, wọ́n ń sọ fún mi pé bí òkété bá dàgbà ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́nì kan nínú wọn tó wá pààrọ̀ pámpásì fún wọn rí.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé o: ṣé Èkó ni kí wọ́n lọ, àbí Ìbàdàn tó sún mọ́ wa, àbí ká wá ẹni tó máa wà pẹ̀lú wọn nílé? Báwo lẹ ṣe ń mọ ilé tó dáa yàtọ̀ sí èyí tó kàn lẹ́wà? Kí ló máa ń wà nínú owó tí wọ́n bá pè, kí ni wọ́n máa wá dá lé e lẹ́yìn? Báwo ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ṣe ń pín irú owó yìí láì bá ara wọn jà? Màmá ò ní owó ìfẹ̀yìntì torí ọjà ni wọ́n tà, ṣọ́ọ̀bù méjì tó wà níwájú ilé la ń gba owó ẹ̀ lọ́dọọdún, ẹnì kan nínú wa tiẹ̀ ti ń sọ pé ká ta ilé yẹn. Àdúrà yín wúlò fún mi gan-an, àmọ́ ẹ fún mi ní èyí tí mo lè fọwọ́ mú náà.

Ọmọ Jàlẹ́yẹmí

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á wo màmá sàn. Tèmi ni pé ẹ má mú wọn lọ sí Èkó. Màmá tí gbogbo ọjà mọ̀, tí àwọn oníbàárà wọn ṣì ń yà kí wọn, tí wọ́n ń jókòó síwájú ilé tí wọ́n ń dáhùn ẹ kú àárọ̀ títí di ọ̀sán, ta ló máa kí wọn l'Ékòó? Ẹni tó ti ń gbàgbé nǹkan, tẹ́ ẹ bá tún wá gbé e síbi tí kò mọ ògiri mọ ilẹ̀kùn, á túbọ̀ dàrú ni. Mo rí i lára ìyá ìyá mi.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Asúbíaró)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, àwọn arúgbó tó gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá ò kéré.

Kẹ́ ẹ tó béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ mú bébà, kẹ́ ẹ kọ ohun tí màmá ò lè dá ṣe sílẹ̀. Nǹkan mẹ́fà la máa ń wò: wíwẹ̀, wíwọ aṣọ, lílo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, dídìde lórí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga, mímú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró, àti fífi ọwọ́ ara ẹni jẹun. Èyí tí wọ́n lè dá ṣe, èyí tí wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ fún, èyí tí wọn ò lè ṣe rárá. Bébà yìí ló máa sọ irú ibi tó yẹ kí wọ́n wà, òun náà ló sì máa sọ iye tẹ́ ẹ máa san, torí ilé tó ń gba àgbàlagbà tó ń dá rìn ò jọ ilé tó ń gba ẹni tí wọ́n ń gbé. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé wọ́n á gba màmá wọlé nígbà tí wọ́n ṣì ń rìn, tí ẹsẹ̀ bá wá kọ̀ tán wọ́n á pè yín pé kẹ́ ẹ wá gbé wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè kó tó dìgbà yẹn.

Ti gbígbàgbé yẹn, ẹ má kàn sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀ náà ló bà á jẹ́. Ó tún lè jẹ́ kòkòrò inú ìtọ̀, torí ó máa ń da orí àgbàlagbà rú láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí a bá tọ́jú ẹ̀ orí á padà wálẹ̀. Ó lè jẹ́ oògùn méjì tó ń bá ara wọn jà, ó lè jẹ́ pé wọn ò mu omi tó torí wọn ò fẹ́ kí wọ́n máa ké pe èèyàn pé ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n, èyí wọ́pọ̀ gan-an lọ́dọ̀ àwọn ìyá wa. Ẹ ṣe àyẹ̀wò kẹ́ ẹ tó ṣe ìpinnu kankan. Tẹ́ ẹ bá lágbára ẹ̀, UCH n'Íbàdàn ní ibùdó tó jẹ́ ti àwọn àgbàlagbà nìkan, Chief Tony Anenih Geriatric Centre, ọdún 2012 ni wọ́n ṣí i. Wọ́n á wo ara, wọ́n á wo iyè, wọ́n á wo oògùn tí wọ́n ń lò, gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹ tètè jáde láàárọ̀, ọ̀nà Gbọ̀ngán sí Ìkirè lẹ máa gbà.

Tẹ́ ẹ bá wá ń lọ wo ilé ìtọ́jú, ẹ má jẹ́ kí táìsì gba ojú yín. Ẹ má sọ fún wọn pé ẹ ń bọ̀. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù kí wọ́n tó nulẹ̀ tán, ẹ tún lọ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ fi imú wọlé kẹ́ ẹ tó fi ojú wọlé, tí òórùn ìtọ̀ bá ti wà lára bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo èékánná àwọn arúgbó tó wà níbẹ̀, ẹ wo ẹnu wọn, ẹ wò ó bóyá ife omi wà níbi tí ọwọ́ wọn lè tó, torí mo ti rí ibi tí wọ́n gbé omi sórí fèrèsé fún ẹni tí apá rẹ̀ ò gbé. Ẹ jókòó títí wọ́n á fi gbé oúnjẹ wá, kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fún ẹni tí kò lè dá jẹun: ṣé wọ́n ń dúró kó gbé e mì ni àbí wọ́n kàn ń kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe, oúnjẹ lè gba ọ̀nà ọ̀fun tí kò yẹ bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ewu ńlá ni.

Ẹni tí kò lè dá yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ní wákàtí méjì-méjì ló yẹ kí wọ́n máa yí i, tọ̀sán tòru, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ egbò á yọ ní gìgísẹ̀ àti ní ìdí. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí hàn yín. Ìwé oògùn náà ńkọ́, ta ló ń fún wọn, ta ló ń fọwọ́ sí i? Lóru, èèyàn mélòó ló máa ń wà lójúfò, fún arúgbó mélòó? Tí wọ́n bá ní nọ́ọ̀sì wà, ẹ béèrè bóyá ó ní láísẹ́ǹsì Nursing and Midwifery Council, torí auxiliary, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí kò ní láísẹ́ǹsì, náà ń wọ funfun. Mi ò bú àwọn auxiliary o, àwọn tó mọ iṣẹ́ wà láàárín wọn, àmọ́ owó nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín.

Ibi tí mo dúró sí ni pé ibi tí ọmọ kan lè ya wọ̀ láìròtẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ kọ́jọ́ sàn ju ibi tó dára jù lọ tí ẹnikẹ́ni ò ní lè dé. Ẹ̀gbọ́n yín tó wà l'Ékòó, tí kì í bá ṣe ẹni tó lè máa yà síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú gó-síló yẹn, ẹ fi Èkó sílẹ̀.

Akin_Houston

Ẹ kú ilé o. Ọmọ Igbóǹnà ni mí, Houston ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó gan-an ni mò ń ṣe níbí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa, bóyá á ran ẹ̀gbọ́n yín tó wà níbí lọ́wọ́ láti mọ ohun tó ń bá yín sọ.

Ohun tí wọ́n ń pè ní assisted living níbí, ilé tí àgbàlagbà ti ní yàrá tiẹ̀, tí wọ́n ń se oúnjẹ fún un, tí wọ́n ń ràn án lọ́wọ́ láti wẹ̀ àti láti lo oògùn, kì í ṣe hósípítù. Ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ Genworth àti CareScout ń ṣe lọ́dọọdún fi í sí nǹkan bí $5,900 lóṣù lọ́dún 2024 tí wọ́n bá wo gbogbo Amẹ́ríkà. Medicare, insúránsì ìlera ìjọba tí àwọn àgbàlagbà ibí ń lò, kì í san owó yàrá àti oúnjẹ yẹn o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ó ń san án títí bílì á fi dé. Medicaid ló máa ń ran ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, ní Texas níbí ètò tí wọ́n ń pè ní STAR+PLUS ló ń bójú tó o, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ló ń gbà á. Àwọn tó kù, owó àpò wọn ni, tàbí kí wọ́n ta ilé tí wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún san gbèsè ẹ̀.

Mo sọ èyí torí àwọn kan máa ń rò pé kí wọ́n kúkú gbé màmá wá síbí. Màmá tó bá gba green card lọ́jọ́ ogbó ní láti gbé ibí fún ọdún 5 kó tó tiẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti ra Medicare. Tí ẹ̀gbọ́n yín bá dábàá ẹ̀, ẹ sọ fún un kó ṣírò ìyẹn ná.

Bí wọ́n ṣe ń gba owó lẹ fẹ́ mọ̀. Iye tí wọ́n kọ sórí pátákó, yàrá àti oúnjẹ lásán ni. Wọ́n á wá gba owó ìwọlé lẹ́ẹ̀kan, èyí tí wọn kì í dá padà. Wọ́n á wá wo màmá, wọ́n á fi wọ́n sí ìpele: tí wọ́n bá nílò ẹnì kan láti wẹ̀ wọ́n, iye kan, tí wọ́n bá nílò ẹni méjì láti gbé wọn, iye mìíràn, pámpásì lọ́tọ̀, oògùn lọ́tọ̀. Lọ́dọọdún wọ́n á tún gbé e sókè. Ẹ̀tàn kọ́, ó wà nínú ìwé tí wọ́n fún yín fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn ẹ̀ ti dàrú lórí ìyá ẹ̀ kì í ka ìwé. Torí náà nílé náà, ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún yín, kí ni owó oṣù bò, kí ni kò bò, ìgbà wo ni wọ́n máa ń fi kún un, ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa fún yín kí wọ́n tó ní kẹ́ ẹ gbé wọn lọ, tí màmá bá sì dèrò hósípítù ṣé owó yàrá ṣì ń lọ.

Ní Texas, ìjọba pín àwọn ilé yìí sí Type A àti Type B. Type A ni ti ẹni tó lè dá sá jáde tí iná bá sọ, tí kò sì nílò ìtọ́jú lóru. Type B ni ti ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ ràn lọ́wọ́ láti jáde, tí ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà lójúfò fún lóru. Nàìjíríà ò pín in báyẹn, àmọ́ ìbéèrè yẹn wúlò fún yín: tí iná bá sọ ní aago méjì òru, ta ló máa gbé màmá jáde, ibo ló máa gbà?

Ẹ tún béèrè iná mànàmáná. Nígbà tí ìjì líle Beryl jà níbí ní July 2024, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí kò níná, nínú ooru Houston yìí, àwọn ilé arúgbó kan ò sì ní jẹnẹrétọ̀. Tó bá lè ṣẹlẹ̀ ní Texas, AC tí ẹ̀gbọ́n yín rí l'Ékòó yẹn, kí ló ń gbé e? Ta ló ń ra dísù, ṣé owó ẹ̀ wà nínú owó oṣù àbí wọ́n máa wá pín in láàárín yín?

Sí ẹ̀gbọ́n wa ní Houston: "màá máa fowó ránṣẹ́" kì í ṣe iye. Kí wọ́n dárúkọ náírà, kí wọ́n dárúkọ ọjọ́ tó máa ń wọlé. Ẹni tó wà nílé ti ń fi ara ẹ̀ san tiẹ̀.

Bàbá Kẹ́hìndé (Àlekúwódò)

Assalamu alaikum. Àǹtí, ilé la ti tọ́jú bàbá wa títí wọ́n fi ṣaláìsí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, torí náà owó tí mo mọ̀ ni màá sọ.

Àwọn èèyàn máa ń ní ilé ló rọrùn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ, kò rọrùn. Ẹnì kan ṣoṣo ò lè tọ́jú arúgbó tọ̀sán tòru, kò ní sùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í kanra mọ́ màmá, tí kò bá kanra á sá lọ. Ẹni méjì ló máa gbà, kí ọ̀kan ṣe ọ̀sán kí èkejì ṣe òru, tàbí kí wọ́n máa gbà á fún ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà láti 2024 ni ₦70,000, ẹni tó sì ń yí ìyá onìyá lóru yẹ lẹ́ni tó ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ka ₦70,000 yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ₦140,000 nìyẹn, ẹ ò tíì ra nǹkan kan. Pámpásì mẹ́rin lójúmọ́ jẹ́ 120 lóṣù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, físíò tó ń na apá àti ẹsẹ̀ fún wọn, ọṣẹ, ìbọ̀wọ́, oúnjẹ àwọn tó ń tọ́jú wọn náà, omi, iná. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sórí bébà kan, kẹ́ ẹ wá gbé e síwájú iye tí ilé ìtọ́jú pè, nígbà yẹn lẹ máa mọ èyí tó wọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé ò dín owó kù, ohun tó fún wa ni pé bàbá wa ń gbọ́ ìpè ìrun láti mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ti ń ki ìrun láti kékeré.

Ẹni tẹ́ ẹ bá gbà, kó ní onídùúró méjì tẹ́ ẹ mọ ilé wọn, kẹ́ ẹ sì kó wúrà màmá kúrò nínú yàrá kó tó wọlé, kì í ṣe pé olè ni, kí ọ̀rọ̀ má bàa di ẹ̀sùn ni. Kí obìnrin máa wẹ̀ fún màmá, kẹ́ ẹ jẹ́ kó yé e pé àlùwàlá kì í ṣe omi ojú lásán. Nílé ìtọ́jú náà ẹ bèèrè èyí, ta ló máa wẹ̀ fún wọn, ṣé wọ́n máa gbé wọn kọjú sí Kíbúlà, oúnjẹ wo ni wọ́n ń sè.

Ètò insúránsì ìlera, ẹ forúkọ màmá sílẹ̀ sí O-HIS ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tẹ́ ẹ ò bá tíì ṣe é. Kò ní san owó ilé ìtọ́jú arúgbó tàbí owó ẹni tó ń wẹ̀ fún wọn, ìtọ́jú hósípítù ló wà fún, síbẹ̀ ohun tó bá gbé kúrò lára owó hósípítù, ẹ lè fi ra pámpásì.

Ti títa ilé yẹn, ẹ rọra. Ilé tí bàbá yín fi sílẹ̀ láì kọ ìwé ìhágún, ti gbogbo ọmọ ni, ẹnì kan ò lè tà á láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ fọwọ́ sí i, ẹjọ́ ẹ̀ lè lo ọ̀pọ̀ ọdún ní kóòtù. Ibo sì ni màmá máa padà sí tí ilé ìtọ́jú ò bá bá wọn lára mu? Owó ṣọ́ọ̀bù méjì yẹn ni kẹ́ ẹ fọwọ́ mú. Ẹ ṣí àkáǹtì kan tó jẹ́ ti màmá nìkan, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, kí owó ṣọ́ọ̀bù wọ ibẹ̀ tààrà. Kẹ́ ẹ̀yin mẹ́rin jókòó lórí fídíò kọ́ọ̀lù, kí kálukú sọ iye tó lè san tí kò ní yẹ̀, kì í ṣe iye tó máa dùn ún gbọ́ létí. Ẹ má pín in dọ́gba tí agbára yín ò bá dọ́gba. Iṣẹ́ tí ẹ̀yin ń ṣe lára màmá, ẹ ní kí wọ́n kà á mọ́ owó. Ẹ kọ́kọ́ kó owó oṣù mẹ́ta jọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba ẹnikẹ́ni, torí oṣù kan á wà tí dọ́là ò ní wọlé. Kẹ́ ẹ máa ya fọ́tò risíìtì sórí WhatsApp ẹbí, bó ti wù kó kéré mọ. Ìyẹn ló pa ẹnu gbogbo ẹbí mọ́ lọ́dọ̀ wa.

Àdùkẹ́ (Ìbàdàn)

Àwa mú bàbá wa lọ sílé ìtọ́jú kan n'Íbàdàn níbí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Kì í ṣe ibi burúkú, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fẹ́ràn bàbá gan-an, wọ́n ń bá wọn ta ayò, bàbá sì ní ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń sọ ìtàn ìgbà Ṣọ́jà. Ṣùgbọ́n bílì ńkọ́! Oṣù kìíní, iye tí wọ́n sọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e, owó físíò, owó dísù, owó ìfọṣọ, owó "àkànṣe ìtọ́jú" tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣàlàyé fún mi. Ìgbà tí mo ní kí wọ́n kọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló tó dín kù.

Ohun tí mo máa fi kún ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì Àgbà ni pé ẹ ní kí wọ́n gba màmá fún ọ̀sẹ̀ méjì péré ná, kì í ṣe títí láé. Ilé tó dáa máa gbà. Ẹ̀yin á sùn, ẹ̀yìn yín á balẹ̀, màmá á sì sọ fún yín fúnra wọn bó ṣe rí. Kẹ́ ẹ gbé timùtimù wọn, ẹní ìkírun wọn àti àǹkárá tí wọ́n fẹ́ràn lọ fún wọn, bàbá wa ò sùn títí a fi gbé kẹ́tẹ́lì àlùwàlá wọn wá.

Àwọn ilé tí ìjọ tàbí ìjọba dá sílẹ̀ náà wà, bíi Regina Mundi ti ìjọ Kátólíìkì ní Mushin àti èyí tí ìjọba Èkó ní ní Yaba, àmọ́ àwọn tí kò ní ẹni tó máa tọ́jú wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò. Màmá tó bí ọmọ mẹ́rin tí ọ̀kan ń gbé ní Houston, ẹ jẹ́ ká fi àyè yẹn sílẹ̀ fún ẹni tí kò lẹ́nì kan.

Ìyá Ìbejì (Òkè-Baálẹ̀)

Ọlọ́run á san yín lóore o, gbogbo yín pátá. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún ọkọ mi sétí. Mo fi ọ̀rọ̀ Akin ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Houston bó ṣe rí gẹ́lẹ́, wọ́n pè mí lóru, wọ́n dárúkọ iye, wọ́n dárúkọ ọjọ́ kìíní oṣù. Ti Èkó ṣì ń bínú díẹ̀ pé òun ti bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, mo ní kí wọ́n béèrè iye ẹni tó ń wà lójúfò lóru, wọn ò tíì rí ìdáhùn gbà.

Mo bi màmá fúnra wọn. Wọ́n ní àwọn ò kọ̀ láti lọ sinmi níbì kan tí mo bá lè máa wá, àmọ́ kí n má gbé àwọn lọ síbi tí àwọn máa fi di àlejò. Wọ́n ní ohun tó ń tini lójú jù ni kí ọmọdé máa gbé àwọn lọ sẹ́yìnkùlé lójú àwọn ayálégbé. Èyí ni mi ò tiẹ̀ rò rí, mo rò pé ẹsẹ̀ nìkan ló ń dùn wọ́n.

Nítorí náà àyẹ̀wò UCH la máa kọ́kọ́ ṣe nígbà họ́lídè. Ìbéèrè kan ló kù: yàrá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti màmá tí à ń kó ẹrù sí, ṣé wọ́n lè fi ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alómi nínú ilé àtijọ́ báyẹn, tí kànga nìkan la ní?

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Asúbíaró)

Wọ́n lè ṣe é. Ẹ gbé táǹkì sókè, kí pọ́ǹpù máa fa omi kànga sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé sókàwéè jìnnà sí kànga dáadáa. Kí ẹnu ọ̀nà fẹ̀ tó kẹ̀kẹ́ arọ, kí ó má ní ìdènà nílẹ̀. Kí àga ìgbọ̀nsẹ̀ ga díẹ̀ ju bó ṣe máa ń wà, kí irin ìdìmú wà ní apá òsì, torí apá òsì ni màmá ń lò, àwọn bíríkìlà máa fi sí ọ̀tún tẹ́ ẹ ò bá dúró tì wọ́n. Kí táìsì ilẹ̀ ibẹ̀ má dán o, èyí tó ní ara hánhán ni kẹ́ ẹ rà. Kó tó parí, ẹ wá àga oníhò tó ní póò lábẹ́, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹ́ ẹ sì fi kọ́tìnnì dí i.

Bàbá Kẹ́hìndé (Àlekúwódò)

Plọ́mbà tó ṣe ti bàbá wa ṣì wà ní Òkè-Fìà, ó mọ irin ìdìmú yẹn. Ẹ wo inbox yín, mo ti fi nọ́ńbà ẹ̀ síbẹ̀. Ẹ ní kó wá wọn yàrá náà kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun.